Àwo Là Á Bi Léèrè

Òwe kan wà ládùúgbò wa, ní Ìdí-Àràbà, tó máa ń rú àlejò lójú: "Àwo là á bi léèrè, a kì í bi ẹ̀rọ." Àlejò á ní, "Àwo wo? Àwo ọbẹ̀? Kí ni àwo mọ̀?" Àwa á kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín ná. Àwo orin ni, èyí pẹlẹbẹ tó ń dán, tí à ń pè ní síídì. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó mọ̀.

Jìmọ̀ ló ń bá gbogbo wa kọ orin àti wáàsí sínú síídì. Ẹ̀rọ tuntun tó rà yára débi pé a sọ òun fúnra rẹ̀ ní Kíákíá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó Sàbítíyù àbúrò rẹ̀ ku ọ̀la, Àwẹ̀ró, ìyá àgbà wọn, ki oríkì ilé wọn látòkèdélẹ̀, Jìmọ̀ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Eré tí ẹ̀rọ lè sá jù ló fi kọ ọ́ sínú àwo, ó sì pín in fún àwọn àgbà ilé. Kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí Bàbá Ògúndìran, olórí ẹbí, fi gbé àwo tirẹ̀ wọlé.

"Jìmọ̀, ta ló ní kí o yọ Akínlabí kúrò?"

Akínlabí ló bí bàbá tó bí Ògúndìran. Nílé wọn, bí wọ́n bá ń ki ìyàwó lọ sílé ọkọ, wọn kì í fo orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá fo, wọ́n ti lé òun àtọmọ rẹ̀ jáde nílé nìyẹn.

"Bàbá, Ìyá Àgbà dárúkọ wọn. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

Ó ti àwo náà bọ ẹ̀rọ tirẹ̀, Akínlabí dún ketekete. Wọ́n gbé e délé Bàbá, wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ ibẹ̀: "Ọmọ Látúnjí, ọmọ..." kr-kr-kr, "ọmọ Òjélàdé."

"Àwẹ̀ró lè dárúkọ wọn fún mi nísinsìnyí," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àwo làwọn ọmọ wa yóò máa gbọ́. Bí Akínlabí ò bá sí níbẹ̀, èmi kọ́ ni n ó fa Sàbítíyù lé ọkọ lọ́wọ́."

Sàbítíyù bú sẹ́kún, èyí kì í sì í ṣe ẹkún ìyàwó.

Ẹ̀rù ba Jìmọ̀, síbẹ̀ ọ̀ràn náà ṣe é ní kàyéfì. Àwo kan náà, ohùn kan náà. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kan rí Akínlabí tí èkejì ò rí i? Ó ní eré àsápajúdé ló fà á. Ó mú àwo mìíràn, ó ní kí ẹ̀rọ máa wọ́ bí ìgbín. Wọ́n dúró títí Bàbá fi tòògbé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, Akínlabí tún fò, Látúnjí náà sì bá a lọ.

Ìyá Àgbà, tó ti ń wò ó láti àárọ̀, wá bi í pé, "Ọmọ mi, ta lo bi léèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Àgbà. Òun ló máa ń sọ bí òun ṣe lè sáré tó."

"Ẹni tó ń gbé ẹrù runi lo bi. O ò bi ẹni tí yóò rù ú."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jìmọ̀. Àwo á ti ṣe dáhùn? Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Nọ́ńbà kan wà lára àwo náà, tín-ń-tín, tó ń sọ eré tó bá a mu. Kò tó ti ẹ̀rọ, ó sì ju ti ìgbín lọ dáadáa. Látọjọ́ tó ti ń ra àwo, kò kà á rí.

Eré yẹn ló fi kọ òmíràn. Nílé Bàbá Ògúndìran, ohùn Ìyá Àgbà jáde: "Ọmọ Látúnjí, ọmọ Akínlabí, ọmọ Òjélàdé." Bàbá ní kí wọ́n tún fi í sí i, ó tún ní kí wọ́n fi í sí i. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló di Sàbítíyù lọ́wọ́ mú jáde nílé.

Bí òbí kan bá wá ń pariwo báyìí pé ilé ẹ̀kọ́ tí òun rí fọ́mọ òun dára, pé wọ́n máa ń kọ́ ọmọ kíákíá, àgbà kan á rọra bi í pé, "Ọmọ náà ńkọ́, kí ló wí?" Àwo là á bi léèrè, a kì í bi ẹ̀rọ.