Káàdì Tí Alága Fọwọ́ Sí
Opó Morẹ́nikẹ́jì ní òun fẹ́ rọ́pò ọkọ òun nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó káàdì ayò jọ. Olóyè Fámúrewá, alága wọn, ní, “Ìyàwó wa, kí n tó mu tíì yìí tán, mú káàdì tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, káàdì ọkọ rẹ di tèmi.” Morẹ́nikẹ́jì kúnlẹ̀: “Bàbá, ṣebí òfin yín ni pé kí àṣẹ alága wà lákọsílẹ̀?” Ó na káàdì lásán kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun sí i. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó kọ àṣẹ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i gàdàgbà. Morẹ́nikẹ́jì gbé e sókè: “Ẹ̀yin àgbà, ta ló tún ní irú èyí?” Tíì ṣì ń gbóná nígbà tí wọ́n fa àga ọkọ rẹ̀ fún un.