Ọkùnrin Tó Lọ Mú Ọmọ Tó Ń Tọ́ Lókèèrè Wálé

Ọkùnrin kan wà ní Oǹdó, oníṣòwò pákó ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, wọn kò bímọ. Nígbà tí ogun parí ní Làìbéríà, àwọn ìjọ kan ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí. Ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀kan, ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Lọ́pù, tó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní abúlé kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Bí àìsàn bá ṣe é, àwọn ni wọ́n ń ra oògùn. Wọn kò pa ọdún kan jẹ.

Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí o mọ èyí, kí o má baà rò pé ènìyàn burúkú ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó a máa sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òun ní ọmọ kan lẹ́yìn odi. Àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ń pè é ní Ìyá Lọ́pù, kò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Lọ́pù di ọ̀dọ́langba, ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó tó àkókò kí ọmọ wálé. Wọ́n kun yàrá kan, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì àti àwọ̀n ẹ̀fọn sí i. Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó wọ mọ́tò, ó gun ọ̀kadà la igbó kọjá, títí ó fi dé abúlé náà.

Ìyá àgbà fi omi tútù pàdé rẹ̀. Ó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ fún un, ó sì jẹ́ kó jẹun tán. Olùkọ́ abúlé ló ń ṣe ògbufọ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó wá sọ ohun tó gbé e wá: òun fẹ́ mú ọmọ lọ sí Oǹdó, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó lọ sí ilé-ìwé tó dára ju tibẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà ní, "Òjò ti rọ̀ sórí oko mi lọ́pọ̀ ọdún, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí òjò tó wá kórè."

Ọ̀rọ̀ náà bí ọkùnrin yìí nínú. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Lọ́pù dé. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò nílò ògbufọ̀. Ọkùnrin náà sọ fún un nípa ilé, nípa yàrá, nípa obìnrin tó ń retí rẹ̀. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó wá béèrè pé:

"Sà, bí mo bá kọ̀, ṣé ilé-ìwé mi parí nìyẹn?"

Gbogbo lẹ́tà ìkíni tí ọmọ náà ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún wọ̀nyí wá, ìfẹ́ nìkan ni ọkùnrin náà rò pé ó wà nínú wọn. Kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Olùkọ́ túmọ̀ ìbéèrè náà fún ìyá àgbà. Nígbà tí ìyá àgbà rí i pé àlejò kò fèsì, ó dìde, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ náà sínú àpò. Kò sunkún. Ó fara balẹ̀ ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ọmọ lọ ju kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró.

Ọkùnrin náà rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé tọ̀ ọ́, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ilé-ìwé rẹ kò parí. Bí o bá lọ, bí o kò bá lọ, kò ní parí. Dúró ti màmá rẹ."

Òun nìkan ló padà sí Oǹdó. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì pẹ́ kó tó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n wọn kò dáwọ́ ìtọ́jú dúró. Lọ́pù kàwé, ó di agbẹ̀bí ní ìlú kan tí kò jìnnà sí abúlé wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá àgbà, ó wá sí Oǹdó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ìyàwó náà bi í pé kí ló dé tí kò wá nígbà tí wọ́n ní kó wá.

Ó ní, "Mọ́mì, nígbà náà, mímú ni wọn ì bá mú mi wá. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo wá."

Arákùnrin mi, mo gbọ́ pé ìwọ náà ti ń tọ́ ọmọ kan ní ilẹ̀ òkèèrè. O ṣeun, má ṣe jáwọ́. Ṣùgbọ́n má fi ẹ̀rín ọmọ nínú fọ́tò ṣe òṣùwọ̀n oore rẹ, nítorí ẹni tí a ń bọ́ mọ ẹ̀rín ín rín fún ẹni tó ń bọ́ ọ. Wá ọ̀nà kí ọmọ náà lè mọ̀ láti kékeré pé òun lè sọ fún ọ pé "rárá", síbẹ̀ tí oore rẹ kò ní dúró. Bí kò bá lè kọ̀ fún ọ, ọmọ kọ́ lo ń tọ́. Ẹrú lo ń rà díẹ̀díẹ̀.