Ẹni Tó Ń Gbé Kúlà Kiri Ìlú

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e kiri ìlú. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe fún ilé iṣẹ́ kan. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á rán an lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Ìlọrin, bó bá sì ti Ìlọrin dé, wọ́n á ní Àkúrẹ́ ti ń pè é. Iṣẹ́ náà dára. Ohun kan ṣoṣo ló ń ni ín lára níbẹ̀: oúnjẹ.

Kì í ṣe pé oúnjẹ wọ́n. Kò sí ìlú tó dé tí kò bá olóúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gba iṣẹ́ yẹn, àbúrò bàbá rẹ̀ kan pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Má jẹun níta. Ẹnu ni ọ̀tá ń gbà wọlé." Àbúrò bàbá yìí kò kọjá Ìkirè rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ìrìn àjò.

Ọkùnrin náà gbà á gbọ́. Ó ra kúlà ńlá kan. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ á dáná oúnjẹ ọ̀sẹ̀, á kó o sínú kúlà, ọkọ á sì gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Bó bá dé ìlú, kò lè jókòó sínú oòrùn jẹun, nítorí náà á wọ búkà, á ra omi inú ọ̀rá kan, á sì ṣí kúlà rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó jókòó tì í ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Òun ń jẹ ẹ̀wà tútù. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń tú ewé lára ìrẹsì ọ̀fadà. Òun ń jẹ ẹ̀wà tútù. Ní Ìlọrin, ẹnì kan tó ń jẹ tùwó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ kúlà yẹn ni?" Gbogbo búkà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dé kúlà rẹ̀. Ó mọ òórùn ọbẹ̀ gbogbo ìlú. Kò mọ adùn ọ̀kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó wà ní Àkúrẹ́. Ó ti jẹ ẹ̀wà rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀wà náà ń ta á láhọ́n, ó sì ń yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bóyá epo tuntun tí ìyàwó òun rà ni. Nígbà tó parí iṣẹ́ lọ́sàn-án, òjò lé e wọ búkà kan nítòsí gáréèjì. Obìnrin tó ni búkà náà ti tà tán, ó ń jẹ tirẹ̀: iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹun."

Ìwọ náà mọ̀ pé ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ìpè. Ẹni tó ń jẹun tí èèyàn bá dé bá, dandan ni kó wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé á ní, "Á gba ibi ire o," kálukú á sì gbájú mọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ìdáhùn yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n òjò ti pa á, ebi ń pa á, ooru sì ń jáde lára iyán náà. Kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ti dáhùn. Ó bu òkèlè kan, ó gbé e mì.

Obìnrin náà wò ó. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́ ìpè rẹ̀ báyẹn rí. Ó sún abọ́ sí i. "Ẹ kúkú jókòó, ẹ̀gbọ́n. Òkèlè kan ò dá òjò dúró."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà rántí àbúrò bàbá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé kúlà, ó sì jáde sínú òjò.

Kò tíì dé gáréèjì tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òógùn bò ó. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Mo ti jẹ ẹ́," ló wí.

"Kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ ìta."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà pe àbúrò bàbá. Àbúrò bàbá ní òun ti sọ ọ́, ó sì béèrè ibi tó kó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sí.

Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí ti gbọ́. Wọ́n bi í pé ta ló fún un ní nǹkan jẹ. Ó nawọ́ sí búkà náà. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ikùn ara wọn wò. Ọ̀kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí ẹ̀gúsí obìnrin yẹn. Abọ́ méjì lòun fúnra rẹ̀ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ní bí ọkùnrin náà bá kú, àwọn á wó búkà náà lé obìnrin náà lórí.

Obìnrin náà kò sá. Ó ní, "Abọ́ kan náà lèmi àti òun ti jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi jà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yè." Ó lọ sí gáréèjì, ó ní kí wọ́n gbé ọkùnrin náà sórí ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi èkejì gbá kúlà mọ́ra. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń run kì í yan ẹni tó máa dì í mú.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára. Ó ní, "Kí lẹ jẹ lónìí, bàbá?"

"Òkèlè iyán kan, lọ́wọ́ obìnrin yìí."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́?"

"Oúnjẹ ilé mi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń búra.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ṣí kúlà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó fẹ̀yìn rìn. Aláìsàn kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò tíì gbéra láti àárọ̀, dìde, ó jáde síta.

"Ta ló sè é?"

"Ìyàwó mi."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Àìkú."

Nọ́ọ̀sì dé kúlà náà pa. "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹnikẹ́ni ò fún yín ní nǹkan kan jẹ. Ẹ̀wà yín ló ti bà jẹ́. Ẹ máa yè."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ìlú tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n débi tó máa fẹ́ pa á. Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Kò sí ọ̀tá kankan. Ẹ̀wà ni."

Ìyàwó náà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ó ní. "Ṣé mo wá lè máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú báyìí?"

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tí wọ́n ní kó máa lọ, kò wọkọ̀ lọ sílé. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà. "Ẹ dìde," obìnrin náà ní, "ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀tì yín nulẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀ mí, ẹ jẹun níbi tí wọ́n á ti rí yín." Ọkùnrin náà gbé bẹ́ǹṣì síta, ó kọjú sí gáréèjì, ó jẹ iyán títí abọ́ fi mọ́. Àwọn awakọ̀ dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń retí. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò kú, wọ́n wọlé lọ jẹun. Ẹni tó ti ń fura tipẹ́ ló ṣáájú.

Ìwọ tí mò ń pa àkàwé yìí fún, àyà ń dùn ọ́ láti ìgbà Kérésì, o sì ń sọ ọ́ kiri pé ìyàwó àbúrò rẹ ló ṣe ọ́. O ò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà. Sìgá tí ò ń fà kí o tó bọ́jú láàárọ̀, o ò fura sí i. Àjèjì rọrùn láti fura sí. Èyí tí a fọwọ́ ara wa sè la kì í gbóòórùn.

Lọ́la, lọ kí wọ́n wo àyà rẹ. Bó o bá ń bọ̀, yà sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò rẹ, kí o sọ fún un, lójú àwọn tí o ti bá sọ ọ́, pé o ṣì í wí. Ìrẹsì àti adìyẹ tó gbé wá fún ọ lọ́jọ́ ọdún, èyí tí o ní kí wọ́n dà fún ajá, ajá náà ṣì wà láàyè. Mo rí i láàárọ̀ yìí. Ara rẹ̀ ń dán ju tìrẹ lọ.