Ògúnmọ́dẹdé àti Oyin Ẹnu-Àpáta

Oyin lé gbogbo ìlú wa wọlé láàárọ̀ yìí o. Bí mo ṣe ń tẹ èyí sórí fóònù, ojú mi ọ̀tún ti wú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá wo ọ̀nà wa, bóyá ìjọba máa bá wa da ọ̀dà sí i. Ẹni tó bá máa gba Ẹnu-Àpáta wọ̀lú gbọ́dọ̀ ṣí fìlà fún oyin tó wà níbẹ̀, Baálẹ̀ wa sì ní ojú máa ti òun láti sọ irú ìyẹn fún èèyàn ńlá. Ló bá ní kí àwa ọ̀dọ́ lọ wọ́n ọta-pia-pia sí wọn. A lọ. Oyin ń já bọ́ bí òjò, èyí tí kò kú wá dojú kọ wa. Títa yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ìtàn Ògúnmọ́dẹdé, a sì tún ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe. Torí náà, màá sọ ọ́ bí àwọn àgbà ilé wa ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì ní fo ibi tó ń tini lójú.

Nígbà yẹn, Ìdó-Àpáta ò ní odi. Àwọn ìlú yòókù ń mọ odi, wọ́n ń gbẹ́ yàrà, torí àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó èèyàn lẹ́rú ò jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Tiwa, òkè ló yí wa ká, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹṣin sì lè gbà ni àlàfo tóóró tó wà láàrin àpáta méjì, èyí tí à ń pè ní Ẹnu-Àpáta. Oyin ló kún inú ihò àpáta náà, ó kún orí àwọn igi ẹmì tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ará ìlú máa ń rọra kọjá ni, ṣùgbọ́n oyin ò lè gba òórùn ẹṣin àti ariwo pátákò rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti dán an wò rí, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n fi ẹṣin sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ oyin. A rò pé ẹ̀rù tiwa ló ń bà wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òótọ́. Ògúnmọ́dẹdé, ọmọ a-gbé-ìkòkò-rù-wọ'gbó, ọkùnrin gàgàrà tí kì í fi iná bá oyin sọ̀rọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó oyin, iná ni yóò ti bọ inú ihò igi, gbogbo oyin á jóná, á wá kó afárá wọn tán pátápátá. Ẹni tó bá jó ilé oyin tó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní akọni. Ògúnmọ́dẹdé ní tiẹ̀, ìkòkò ló máa ń fi ìda àti koríko ọba pa nínú, á gbé e kọ́ orí igi, oyin á gbọ́ òórùn rẹ̀, á wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá tó àkókò, á fín èéfín díẹ̀ sí i, á fọwọ́ yọ afárá, á fi ìdajì sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ògúnmọ́dẹdé, ṣé o ti kí ìyàwó rẹ tó wà nínú ìkòkò?"

"Mo ti kí i. Ó ní kí ẹ lọ wẹ̀, pé òórùn yín ń bí òun nínú."

Bó ṣe di pé Oyèkànmí, Baálẹ̀ ayé ìgbà yẹn, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kí oyin kún àwo àwọn àna òun títí yóò fi máa ṣàn sílẹ̀, ló bá ní kí wọ́n lọ jó Ẹnu-Àpáta. Ògúnmọ́dẹdé sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú àwọn ìjòyè.

"Bàbá, ẹ dákun. Oyin yẹn ló ń ṣọ́ wa. Tí ẹ bá jó wọn, ẹ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ wá lọ sùn nìyẹn."

"Ṣé kòkòrò ló ń ṣọ́ èmi Oyèkànmí?" Baálẹ̀ wo àwọn ìjòyè, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù iná. Kó ìkòkò rẹ, kí o máa bá àwọn ẹbí rẹ lọ."

Ó kó wọn lọ sí òdìkejì odò. Wọ́n jó Ẹnu-Àpáta. Àwọn baba ńlá wa jẹ oyin, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n kọrin. Baba ńlá tèmi wà lára àwọn tó gbé ògùṣọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ẹlẹ́ṣin rán amí. Amí náà gun ẹṣin gba Ẹnu-Àpáta wọlé, ó wo ilé wa dáadáa, ó yí padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kòkòrò kan ò ta á. Ìgbà yẹn ló tó yé gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin ń di ẹrù, kò sì síbi tí wọ́n máa gbà sá, torí àlàfo kan náà ni ẹlẹ́rù lè gbà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọdá odò lọ bá Ògúnmọ́dẹdé. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnmọ́dẹdé, ló kọ́kọ́ rí i, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé oyin ìgbéyàwó ti tán ni?"

Ògúnmọ́dẹdé ní kí ìyàwó òun dákẹ́. Ó gbọ́ pé Baálẹ̀ fẹ́ kí òun gbé oyin òun lọ ṣọ́ Ẹnu-Àpáta, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò rẹ̀, ó ní:

"Bàbá, oyin tó bá ti ta nǹkan, ó kú nìyẹn. Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ lẹ ní kí n lọ pa, nítorí àwọn tó jó ẹbí wọn. Màá ṣe é, torí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí wọn ò gbé ògùṣọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé wọn, ẹ ṣí fìlà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n."

Baálẹ̀ wẹ̀yìn, ó rí àwọn ìjòyè tó tẹ̀ lé e. Ojú tì í. "Tí ogun bá parí," ló wí. "Màá ṣe é tí ogun bá parí."

Ògúnmọ́dẹdé ò bá a jiyàn. Ó fi ewé dí ẹnu àwọn ìkòkò, ó rù wọ́n lọ sí Ẹnu-Àpáta, ó tò wọ́n sójú ọ̀nà, ó jókòó sáàrin wọn, ó sì lé gbogbo ẹni tó fẹ́ dúró tì í. "Ẹ máa lọ. Òógùn ìbẹ̀rù yín á bí wọn nínú." Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin dé, ọkùnrin kan ṣoṣo àti ìkòkò ni wọ́n bá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí wọn bi í pé kí ló ń tà.

"Oyin," ni Ògúnmọ́dẹdé wí, ó sì gbé kùmọ̀, ó fọ́ ìkòkò àkọ́kọ́, ó fọ́ èkejì, ó ń fọ́ wọn lọ. Àlàfo yẹn ṣú dùdù. Ẹṣin ń da èèyàn sílẹ̀, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, kò sí àyè tí wọ́n máa fi yí padà. Àwọn tó rọ́nà sá ò tún wá sí Ìdó-Àpáta mọ́ láéláé.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n bá Ògúnmọ́dẹdé lórí ìjókòó bó ṣe wà. Ó ti kú. Ó wú débi pé òrùka ọwọ́ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró fi dá a mọ̀. Òkú oyin bo ilẹ̀. Baálẹ̀ dúró síbẹ̀, kò wá sí ẹni tó máa bẹ̀ mọ́. Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ń ṣa òkú oyin sínú fìlà náà, wọ́n sì sin fìlà náà mọ́ ọkùnrin yẹn. Díẹ̀díẹ̀, oyin mìíràn padà sínú ihò àpáta. Láti ìgbà náà, ọkùnrin kankan kì í dé fìlà kọjá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi iná kó oyin nílùú wa.

Àlejò wa gbọ́ nípa oyin, ó ti yí mọ́tò padà lójú ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ yìí, mo padà lọ sí Ẹnu-Àpáta láti lọ ya fọ́tò, mo bá Baálẹ̀ wa níbẹ̀, òun nìkan. Mo gbé fóònù sókè, mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò wò mí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó mú òkú oyin àkọ́kọ́ nílẹ̀.