Ta Ló Ni Òkú Inú Ilẹ̀?

Nígbà tí òfin ìwakùsà tuntun jáde, Dáwódù, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń wa wúrà, kó katakata wọ Ìdóṣù, ìlú wa. Ó ní òfin náà sọ pé káńsù ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ lórí ilẹ̀, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ti di tòun, kí a kó kúrò nílé kí oòrùn tó wọ̀. Mórádékẹ́, alága káńsù wa, kò bá a jà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé gbogbo ẹ̀ pátá?" Dáwódù fọwọ́ sọ̀yà lójú gbogbo ìlú: "Pátápátá!" Ni Mórádékẹ́ bá mú un wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó nawọ́ sílẹ̀: "Ibí la sin bàbá mi sí. Kò sílé tá ò sin òkú sí nílùú yìí. Tí wọ́n bá ti di tiyín, ẹ̀yin lọmọ olóòkú nìyẹn. A kì í sì í hú òkú láìtún ìnáwó ṣe: ẹ ó pa màlúù, ẹ ó bọ́ mọ̀lẹ́bí, láti ojúlé dé ojúlé. Òkú ta ni ká ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn àgbà ilé ti ń kí i lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ìnáwó o, ọmọ olóòkú!" Òógùn bo Dáwódù. Ó pariwo, "Àwọn òkú yìí kì í ṣe tèmi! Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n!" Mórádékẹ́ ní, "Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ẹni tó ni òkú ló ni ilẹ̀ tó bò ó." Inú igbó ni Dáwódù ti ń wa wúrà báyìí, ọwọ́ káńsù ló sì ti tọrọ àyè. Ẹni tó bá ní káńsù ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́, kó wá sí Ìdóṣù wá gbọ́ ẹnu alága wa.