Àwàdà Tí Kò Sí Ọkùnrin Nínú Rẹ̀
Olóyè Láníhùn ló ni gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tó wà nílùú wa, àwàdà tí Mórádékẹ́ aláwàdà máa ń fi àwọn ọkọ ṣe sì ti sú u. Níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó pàṣẹ lójú gbogbo èèyàn pé: "Pa wá lẹ́rìn-ín, a ò sì gbọdọ̀ rí ọkùnrin kankan nínú ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní di máìkì mú nílùú yìí mọ́." Mórádékẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin kan: ilẹ̀ mọ́, ó pọnmi, ọmọ ké, ó gbé e pọ̀n, ó dáná, ó fọṣọ, ó roko, ó délé, ó tún dáná. Àwọn obìnrin ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà gun òrùlé lọ dí ibi tó ń jò, tòun tọmọ lẹ́yìn, Olóyè ò lè mú un mọ́ra mọ́: "Ọkọ ẹ̀ ńkọ́?" Mórádékẹ́ ní, "Háà, bàbá! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní a ò gbọdọ̀ rí i." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Olóyè pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "O yege!" Bí ẹ̀rín ṣe rọlẹ̀, àwọn obìnrin dìde láti palẹ̀ àwo mọ́, ọkùnrin kankan ò mira. Olóyè, tó ṣì ń nu ojú, na àwo tiẹ̀ sí Mórádékẹ́. Ó gbà á. Ibi tí ọgbọ́n lè gbéni dé nìyẹn.