Ìkookò Fi Ìtọ̀ Pààlà

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àyọ̀ká, ìyá bàbá wa, ló kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí, ní ọdún tí eéṣú jẹ oko ìlá wa. Àlọ́ náà já gììrì, ó já sẹ́nu ihò Òkété.

Ìkookò ṣẹ́gun Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sọ ilẹ̀ rẹ̀ ní Ilé Ìkookò. Ó ṣẹ́gun Ehoro, ó sọ tirẹ̀ ní Oko Ìkookò. Nígbà tó gba ilẹ̀ Òkété, orúkọ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ìkookò Náà ni èyí.” Ó fa pèrègún ààlà tu, ó sì tọ̀ yí ilẹ̀ ká.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ìtọ̀ pààlà. Inú ihò yìí ni mo bímọ sí.”

“Ta ló gbóòórùn mi tí kò sá? Kó ẹrù rẹ!”

Òkété ṣa pèrègún, ó ń rì í padà sílẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Òkété, ta ló nilẹ̀?
*Pèrègún ló mọ̀!*

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Erin, adájọ́ igbó, wá dá ẹjọ́ ilẹ̀ náà. Pèrègún ti rúwé. Ìkookò fimú fínlẹ̀, kò gbóòórùn nǹkan kan; òjò ti fọ ìtọ̀ rẹ̀ lọ. Ó sáré mumi lódò, ó padà wá gbẹ́sẹ̀ sókè, ìtọ̀ kọ̀, kò jáde.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ké láti orí igi pé, “Ẹ rọra o, ọba ń wá ìjọba rẹ̀!”

Ẹ̀rín pa Erin. Ìkookò sá wọgbó, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti wá bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni ilẹ̀ Ìkookò.